Abala Kẹsàn-án Òfin Aṣọ Òkè

Nígbà tí ìròyìn dé Ìsẹ́yìn pé àwọn aṣòfin ní Ìbàdàn fẹ́ ṣòfin lórí aṣọ òkè, inú ẹgbẹ́ ahunṣọ kọ́kọ́ dùn. Wọ́n rò pé ìrànlọ́wọ́ ló ń bọ̀. Waheedat, akọ̀wé ẹgbẹ́, ló wọkọ̀ lọ gba ẹ̀dà àbá òfin náà, tó sì jókòó kà á láti òkè dé ilẹ̀. Abala kẹsàn-án ló dá a dúró: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ hun aṣọ òkè fún títà àfi nínú ilé iṣẹ́ tí ìjọba bá fọwọ́ sí.

Bẹ́ẹ̀, inú agboolé ni wọ́n ti ń hunṣọ n'Ìsẹ́yìn. Nígbà tó kà á sétí ìgbọ́ ẹgbẹ́, ariwo gba gbogbo ilé ìpàdé. Àwọn kan ní kí wọ́n lọ dí ọ̀nà. Àwọn mìíràn ní kí wọ́n di aṣọ tó rewà lọ fún alága ìgbìmọ̀ tó ń yẹ àbá náà wò.

"Tá a bá fún un láṣọ, á gbà á, á dúpẹ́," Waheedat wí. "Ṣùgbọ́n kí la fẹ́ kó kọ sípò abala yìí? Ẹ jẹ́ ká bá a kọ ọ́."

Bàbá Ládòkun, alága ẹgbẹ́, ní kó máa bá a lọ. Odidi ọ̀sẹ̀ méjì ni Waheedat fi ń lọ láti agboolé dé agboolé, tó ń bi àwọn ahunṣọ léèrè ohun tí wọ́n lè fara mọ́.

Lọ́jọ́ tí wọ́n pe aráàlú wá sọ tẹnu wọn nílé aṣòfin, ìṣẹ́jú márùn-ún ni wọ́n fún ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Bàbá Ládòkun dìde, ó kí wọn tán, ó ní akọ̀wé àwọn ló máa sọ ìyókù. Ó nawọ́ sí Waheedat. Waheedat dìde.

"Ẹ̀yin àgbà, ìyá mi ò lè dá dìde mọ́. Ẹ̀gbẹ́ ẹní wọn ni òfì tí mo fi ń hunṣọ wà. Tí wọ́n bá pè mí, mo gbọ́. Ilé iṣẹ́ wo nìjọba máa fọwọ́ sí tí màá ti máa gbọ́ ohùn wọn?"



"Kí lẹ wá fẹ́ ká ṣe?" Ọnọ́rébù Ayọ̀dàmọ́lá, alága ìgbìmọ̀ náà, bi í.

Waheedat fi ìwé kan lé e lọ́wọ́. Gbólóhùn kan péré ló wà níbẹ̀: kí ahunṣọ máa hunṣọ nílé rẹ̀, kó forúkọ òfì rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ẹgbẹ́, kí ẹgbẹ́ sì máa yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò.

Ọkùnrin náà kà á lẹ́ẹ̀mejì. "Ojoojúmọ́ làwọn èèyàn ń wá sọ fún wa pé òfin kan ò dáa," ó ní. "Ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ máa bá wa kọ èyí tó dáa wá."

Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, òfin jáde. Gbólóhùn náà wà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ méjì péré ni wọ́n yí padà. Ṣùgbọ́n wọ́n fi kún un pé ọdọọdún ni kí wọ́n máa tún forúkọ sílẹ̀, èyí tí kò lè tẹ́ ẹgbẹ́ lọ́rùn. Waheedat ò fi pamọ́ fún wọn. Ó kà á jáde nípàdé bó ṣe wà.

Nígbà tó kà á tán, Bàbá Ládòkun, tó ti ń hunṣọ kí wọ́n tó bí Waheedat, dìde lórí àga.

"Akọ̀wé," ó ní, "ẹ ṣeun o."

Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí bàbá náà máa fi "ẹ" pè é. Waheedat kúnlẹ̀ kíá. Ojú ń tì í.