Oṣù Tí Dókítà Láyíwọlá Fi Dín Dòdò

Dókítà Láyíwọlá nìkan ló ń pàṣẹ nínú ilé rẹ̀ ní Westchase, nílùú òyìnbó. Òun ló ń sọ ìgbà tí wọ́n máa tan AC, òun náà ló sì pinnu pé iṣẹ́ dókítà ni Lará, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, máa ṣe. Nígbà tí ìyàwó rẹ̀ kú ní 1986, ó gbọ́ pé bí òun náà bá kú, ìjọba lè bu owó orí nínú owó inṣọ́ránsì òun kó tó dé ọwọ́ Lará. Ló bá lọ rí lọ́yà kan, Helen.

Helen ní, “Ẹ dá trust sílẹ̀, ìyẹn àpò owó tí òfin yà sọ́tọ̀ fún Lará, kó ra inṣọ́ránsì náà, kí ẹlòmíì máa bójú tó o. Àmọ́ ẹ ò ní láṣẹ lórí ẹ̀ mọ́ o.”

Dókítà fi àbúrò rẹ̀, Ọmọ́yẹni, tó ń gbé ní Mission Bend, ṣe alábòójútó. Ó rò pé òun á ṣì máa pàṣẹ fún un.

Helen tún ní, “Owó tí ẹ bá ń kó síbẹ̀ lọ́dọọdún, Lará lè gbà á ná láàárín oṣù kan. Bí kò bá gbà á, Ọmọ́yẹni á fi san inṣọ́ránsì. Ẹ ò sì gbọdọ̀ bá Lará ṣàdéhùn pé kó má gbà á.”

Lọ́jọ́ tí Lará gbọ́ pé òun lè gba owó náà, ó ní, “Dádì, mo ti rí mọ́tò pupa kan ní Rosenberg.”

Dókítà rántí pé òun ò gbọdọ̀ ní kó má gba owó náà. “Mọ́tò dáa,” ló ní, ló bá sáré pe Ọmọ́yẹni.

“Bùọ̀dá mi, òfin ni. Mi ò lè dá sí i.” Ọmọ́yẹni fọwọ́ bo fóònù, ó ń rẹ́rìn-ín.

Láti ọjọ́ náà, Dókítà ń dín dòdò fún Lará láràárọ̀. AC ń ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru.

Lará ní, “Dádì, mi ò ṣe dókítà mọ́. Bí wọ́n ṣe ń ya àwòrán ilé ni mo fẹ́ kọ́.”

Dókítà payín keke. “Ìyẹn náà dáa.”

Oṣù parí, Lará ò gba kọ́bọ̀, Ọmọ́yẹni sì san inṣọ́ránsì. Ìgbà yẹn ni Dókítà tó bú jáde: “Ta ló ní kí ọmọ mi máa ya ilé?”

“Ẹ̀yin lẹ ní ó dáa, Dádì. Mo ti yí kọ́ọ̀sì mi padà ní school.”

Dókítà dìde, ó lọ pa AC.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ó lọ wo ilé kékeré tí Lará fi páálí kọ́. Ó yí i po, ó tẹjú mọ́ ọn. Ó ní ilẹ̀kùn rẹ̀ kéré jù.