Ọwọ́ Ọba Lórí Igi

Mo bá ara mi ní ojúde ààfin ìlú wa, ṣùgbọ́n ìlú náà kò ní àwọ̀. Dúdú àti funfun ni gbogbo rẹ̀. Mọ́sáláṣí tó wà lọ́wọ́ ọ̀tún ẹnu ọ̀nà ààfin ti bọ́ sí òsì. Èrò kún bí ọjọ́ ọdún, gbogbo wọn la ẹnu, n kò gbọ́ ohùn kankan.

Ọkọ mi, Bàbá Ọlábímpé, jókòó láàárín wọn. Oṣù mẹ́rin nìyí tí ó ti kú. Ọgbọ̀n ọdún ló fi ń fín ọdún ààfin àti àwòrán ìlú sára pátákó, tó ń tẹ̀ ẹ́ sórí bébà. Ó máa ń sọ pé òyìnbó kan ti ṣe irú rẹ̀ fún ọba tiwọn ní irínwó ọdún sẹ́yìn, pé òun ń ṣe é kí tiwa náà má ṣe parẹ́. Nínú pátákó tó ṣe kẹ́yìn, ọwọ́ ọba nìkan ló kù. Èmi ni mo fín in parí, nítorí ààfin ń bọ̀ wá gba àwòrán náà lọ́la, orúkọ ọkọ mi ni wọn yóò sì kọ sí i.

Níbi tó jókòó sí láàárín èrò, ó fi tàdáwà pa pátákó náà, ó tẹ́ bébà lé e, ó ń fi ẹ̀yìn ṣíbí ra á bí ìṣe rẹ̀.

"Bàbá Ọlábímpé, ẹ ò tíì sinmi?"

"Ta ló jẹ́ kí n sinmi? Àwẹ̀ró, kí ni ìlú fi ṣe Kábíyèsí?"

Ó ṣí bébà. Ọba ń fi ìrùkẹ̀rẹ̀ kí ìlú, ọwọ́ òsì ló fi gbé e.

"Rárá o! Ọwọ́ ọ̀tún ni mo fín!"

"Lórí igi ni. Bí a bá tẹ̀ ẹ́, ṣé kì í yí padà?" Ó rẹ́rìn-ín jẹ́jẹ́. "Igi lo bọ̀wọ̀ fún, Àwẹ̀ró. O bú ọba."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi tún un ṣe."

"Gé e kúrò, fi igi mìíràn dí ojú rẹ̀, kí o tún un fín." Ó na èèkù ọ̀bẹ ìfín rẹ̀ sí mi. "Ọwọ́ tèmi ti tutù."

Mo ta jí. Oòrùn ọ̀sán ṣì wà lójú fèrèsé. Mo gbé pátákó náà síwájú dígí: ọwọ́ òsì ni lóòótọ́.

Mo kọ́kọ́ rò pé ó wá bá mi wí ni. Ṣùgbọ́n ta ni yóò bínú síni, tí yóò tún fa ọ̀bẹ rẹ̀ léni lọ́wọ́?

Mo ní, "Kábíyèsí, ẹ má bínú," mo sì gé ọwọ́ ọba kúrò.