Ìbọn Tó Tètè Sọ̀rọ̀

Ní ọdún tí ìjọba ní kí mọ́tò kúrò lọ́wọ́ òsì kó máa gba ọwọ́ ọ̀tún, bàbá mi Àlàó gbé ìbọn ṣakabùlà rẹ̀ lọ sóko. Ọ̀yà ń jẹ ẹ́ níṣu. Ó ki ìbọn, ó lúgọ, ọ̀yà ò yọjú. Ó gbé ìbọn padà wálé tòun ti ẹ̀tù inú rẹ̀.

Ìyá mi Tinúadé dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Bàbá Àṣàkẹ́, ìbọn yẹn ti jẹun àbí kò tíì jẹun?"

"Ó yó."

"Mi ò ní í bá ìbọn tó yó sun yàrá kan. Ẹ lọ jẹ́ kó bì."

Ìbọn tí a bá ti ki, yíyìn la fi ń tú u. Bàbá mi lọ sẹ́yìnkùlé, ó kọjú ẹnu rẹ̀ sídìí ọ̀gẹ̀dẹ̀, ó yìn ín. Gbàù! Ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan wó. Ó wọlé, ó ní kí wọ́n gbé oúnjẹ wá.

Ó gbàgbé pé ọ̀sán gangan ni, kì í sì í ṣe àsìkò ọdún. Ní àdúgbò wa ní Ìlá, bí ìbọn bá dún nírú àsìkò bẹ́ẹ̀, àgbà ọdẹ kan ló lọ. Gbogbo wa la sì mọ̀ pé ara Olúọdẹ, Bàbá Àjíṣafẹ́, kò yá.

Igbe ta. Àwọn ọmọ rẹ̀ obìnrin tú gèlè lọ́jà. Adébóyè àbúrò rẹ̀ gun alùpùpù láti Ọ̀tan, ó ń sunkún bọ̀ lójú ọ̀nà. Sànúsí télọ̀ gbé aṣọ funfun dé. Ó ti gé e.

Wọ́n bá Bàbá Àjíṣafẹ́ lórí ẹní, ó ń mu ẹ̀kọ gbígbóná.

"Ta ló kú?"

Sànúsí fi aṣọ pamọ́ sẹ́yìn.

"Ẹ̀yin ni, ẹ̀gbọ́n mi," Adébóyè ló fèsì.

"O kú àfẹ́kù mi."

Wọ́n ránṣẹ́ pe bàbá mi, wọ́n ní kó mú ìbọn náà dání. Ìbọn tó bá parọ́ ikú, ẹgbẹ́ ọdẹ á gbẹ́sẹ̀ lé e. Bí wọ́n bá sì gba tiwa, ọ̀yà ló máa jẹ iṣu tó yẹ ká jẹ. Bàbá mi dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Àlàó, ìbọn rẹ ní mo kú."

"Ẹ dárí jì í, bàbá. Ẹnu rẹ̀ ló yá."

"Kò parọ́. Ó kàn yá jù ni. Ẹ bá mi gbé e kọ́ sára ògiri níbí. Ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá ṣẹ, kí o wá mú un."

Bàbá mi ti dúpẹ́ tán kó tó rò ó.

Láti ìgbà náà, àràárọ̀ ló ń lọ kí i. "Ẹ káàárọ̀, bàbá. Ṣé ara ti le?" Ohun tí gbogbo èèyàn ń béèrè náà ni, ṣùgbọ́n bí bàbá mi bá ti béèrè rẹ̀, gbogbo ilé á yíjú sí i. Bàbá Àjíṣafẹ́ á wo ìbọn lára ògiri.

"Ó le koko."

Nílé, ìyá mi ní, "Ẹ máa gbàdúrà fún wọn o."

"Mo ń gbà á."

"Ẹ gbà á kó hàn lójú yín."

Ọ̀yà jẹ poro kan tán, ó bọ́ sí òmíràn.

Nígbà tí ọyẹ́ dé, Bàbá Àjíṣafẹ́ dìde, ó mú ìbọn lára ògiri, ó lọ sóko wa fúnra rẹ̀, ó sì pa ọ̀yà náà. Itan kan ló fi ránṣẹ́ sí wa. Ó ní kí wọ́n sọ fún Àlàó pé ìbọn náà ṣì dúró lórí ọ̀rọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n òun ò kánjú.