Ihò Pálọ̀ Verona

Ní òwúrọ̀ Ọjọ́rú ni ìkéde jáde pé ìjì líle tó ń bọ̀ láti gúúsù yóò kan erékùṣù kan létíkun Kàrólínà Àríwá ní Ọjọ́bọ̀. Kí gbogbo àlejò kó ẹrù wọn. Aago méjì ọ̀sán ọjọ́ náà ni ọkọ̀ ojú omi fẹ́rì tó kẹ́yìn máa gbéra. Verona Gaskill, opó tó ń gba àwọn tó wá lo ìsinmi sílé, kì í ṣe ojo. Etíkun yẹn ni wọ́n bí i sí, ó sì ti rí ìjì tó ju mẹ́wàá lọ. Abẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ ni ohun tó já a láyà wà.

Àwọn ará ibẹ̀ kì í bá omi jà. Tí òkun bá ti ń gun ilẹ̀ bọ̀, wọn a ṣí ihò tí wọ́n gbẹ́ sí ilẹ̀ pálọ̀ onípákó. Omi a wọlé jẹ́ẹ́jẹ́, a fi ìwúwo rẹ̀ tẹ ilé mọ́lẹ̀, a sì gba ibẹ̀ jáde tó bá yá. Ilé tí kò bá ní ihò, omi a gbé e lọ bí igbá. Ṣùgbọ́n lọ́dún tó kọjá, àlejò kan kọ ọ́ sórí ayélujára pé òun fẹsẹ̀ kọ ìdérí ihò pálọ̀ Verona, òun sì fara pa. Ojú ti Verona púpọ̀. Ó pe káfíńtà láti ìlú òkèèrè, ìyẹn wó ògiri àárín pálọ̀ àti ilé ìdáná, ó sì tẹ́ pákó tuntun láti ìkangun dé ìkangun. Ilẹ̀ ń dán gbinrin, ihò di àwátì.

Lorraine, olùkọ́ láti Ohio, ni àlejò tó fẹjọ́ sùn náà. Pákó tuntun ló fà á padà wá. Òun àti Clayton ọkọ rẹ̀ ló ń wọ́ àpótí sọ̀kalẹ̀ yìí.

"Wákàtí mẹ́rìnlá la fi wakọ̀ wá!" Lorraine ń kùn. "Mi ò tíì fẹsẹ̀ kan òkun rárá!"

"Fara balẹ̀, òun náà ń bọ̀ wá kí ẹ nílé," ni Clayton fèsì.

Wọ́n bá Verona lórí ìkúnlẹ̀, ó ń fi òòlù gbá ilẹ̀, ó ń tẹ́tí.

"Mà, kí lẹ̀ ń wá?" ni Lorraine béèrè.

"Ihò yẹn ni. Láti ìgbà tí wọ́n ti wó ògiri, mi ò mọ ọ̀gangan ibi tó wà mọ́. Tí mi ò bá rí i, ilé mi lọ nìyẹn."

Ojú ti Lorraine. "Èmi ni mo kọ ọ̀rọ̀ ihò yẹn sórí ayélujára, mà."

"Ṣé o rò pé mi ò mọ̀ ni?"

Lorraine yọ fóònù, ó ń wá àwòrán ọdún tó kọjá, ó sì fi ọ̀kan hàn wọ́n. Àtàǹpàkò ẹsẹ̀ rẹ̀ ló wú bí tòmátì. Ìdérí ihò wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, fèrèsé àti ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn sì hàn kedere lẹ́yìn.

"Mo yà á kí n lè fi bá yín ṣẹjọ́ ni," ló sọ wẹ́lẹ́.

Clayton bú sẹ́rìn-ín. "Àtàǹpàkò yìí mà wúlò o!"

Wọ́n tẹ̀ lé àwòrán náà, wọ́n fi ìṣísẹ̀ wọn ilẹ̀ láti fèrèsé. Clayton gbé ayùn. Nígbà tí pákó tuntun àkọ́kọ́ ya, Verona dijú. Nígbà tó kan ìkejì, òun fúnra rẹ̀ ló fà á tu. Lábẹ́ ìkẹta ni ìdérí àtijọ́ wà, Verona sì ṣí i sílẹ̀.

"Ẹ máa lọ, kí fẹ́rì má baà fi yín sílẹ̀!" ni Verona pariwo. "Èmi ń lọ sílé àbúrò mi, tiẹ̀ ga."

Lorraine dì mọ́ ọn, ó sì sáré jáde.

Ní òwúrọ̀ Ọjọ́ Ẹtì, Verona padà wálé. Ilé aládùúgbò rẹ̀ kan ti jókòó sáàárín títì. Tirẹ̀ wà níbi tó wà. Ẹrẹ̀ kún ilẹ̀, pákó tuntun ti wú, ṣùgbọ́n omi ti lọ. Ó jókòó sórí àtẹ̀gùn, ó sunkún ayọ̀. Lẹ́yìn náà ló pe Lorraine.

"Omi wọlé, ó kí ilé, ó sì jáde," ni Verona wí.

"Ọlọ́run ṣeun! Ẹ fi yàrá wa sílẹ̀ fún wa lọ́dún tó ń bọ̀ o."

Ní ìrọ̀lẹ́, Verona rí ọ̀rọ̀ tuntun tí Lorraine kọ sórí ayélujára: "Ihò kan wà ní pálọ̀ ilé yìí. Ẹ máa wo ibi tí ẹ̀ ń tẹ̀. Ẹ má sọ fún màmá pé kó bò ó."