Koríko Ààlà Tí A Kò Jó

Àárọ̀ yìí ni mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ, lórí eérú tó ṣì ń gbóná mọ́ mi lẹ́sẹ̀: “Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní kí n má dáná, mi ò dáná.” Àbúrò mi ló wí bẹ́ẹ̀. Jẹ́jẹ́ ló wí i, bí ẹni ń kíni káàárọ̀.

Mi ò dáná! Ṣé èsì nìyẹn? Mo ti ilẹ̀kùn yàrá mọ́rí, síbẹ̀ òórùn èéfín ò kúrò lára aṣọ mi. Ọgbà ọsàn tirẹ̀ sì ń bẹ lọ́hùn-ún, ewé rẹ̀ ń dán! Nígbà tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, tí ìrì ṣì wà lára koríko, ó jó etí ilẹ̀ rẹ̀ yí po, díẹ̀díẹ̀, ó ń kọjú iná sí afẹ́fẹ́, ó ń fi ewé tútù pa á. Lánàá tí iná ìgbẹ́ dé ibẹ̀, kò rí nǹkan jẹ. Ló bá yà sọ́dọ̀ mi. Koríko tèmi ga dé àyà…

Ó béèrè. Ó béèrè, mi ò jiyàn. “Ẹ jẹ́ n jó tiyín mọ́ ọn.” Mo ní rárá, èéfín á lé oyin mi. Mo ní bó bá ṣáná sórí ilẹ̀ mi, kó má pè mí ní ẹ̀gbọ́n mọ́.

Àmọ́ ọdọọdún ni mo ń wí bẹ́ẹ̀! Ta ni kò mọ Bàbá Mi-ò-gbà? Màá kọ̀, màá lọ sùn. Kí n tó jí, ìyàwó mi á ti lọ pè é, wọ́n á ti jó o tán. Màá wá pariwo — màá pariwo! Obìnrin náà á nu eérú ojú rẹ̀: “Olówó orí mi, iná ti kú. Ariwo yín ńkọ́, ìgbà wo ni tiẹ̀ máa kú?” Àwọn méjèèjì á bú sẹ́rìn-ín. Oyin á padà wálé.

Kí ló wá dé lọ́dún yìí? Ìgbà wo ni olórí kunkun yẹn di ẹni tó ń gbọ́ràn? Ó fọwọ́ lẹ́rán, ó ń wò mí níran. Ìkà ni. Ìkà ni, àní —

Ta ni ì bá lọ pè é?

A ti sin ìyàwó mi. Òun ni mo ń gbójú lé, gbogbo ọdún tí mo fi ń kọ̀. Lọ́dún yìí mo kọ̀, ọ̀rọ̀ mi sì ṣẹ.

Igi ọsàn mi méjìlélógójì. Ilé oyin mẹ́fà. Abà kan.