Kànga Sàráà Àmúdàtù

Ní ọdún 1985, omi ẹ̀rọ kì í sáábà yọ ní àdúgbò wa, Agbowó. Sùlàímọ́nù, ọ̀rẹ́ mi tó ni ilé tí mò ń gbé, gbẹ́ kànga síwájú ilé náà. Ó fi ṣe sàráà fún ìyá rẹ̀ tó ti kú. Èmi ni bíríkìlà tó mọ ẹnu rẹ̀. Mo fi ìṣó kọ ọ́ sára símẹ́ǹtì kó tó gbẹ: SÀRÁÀ ÀMÚDÀTÙ. Gbogbo àdúgbò ń pọn omi níbẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Ṣáláńgá wà lẹ́yìn ilé. Ilé wà láàárín àwọn méjèèjì, ọkàn wa sì balẹ̀.

Ọmọbìnrin kan wá láti yunifásítì. Adétóun lorúkọ rẹ̀. Ó ní òun ń ṣèwádìí lórí bí àwa ènìyàn ṣe ń lo ilẹ̀ àti omi, àti ohun tí ilẹ̀ àti omi fi ń san án fún wa.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà, mo fẹ́ da aró aláwọ̀ ewé yìí sínú ṣáláńgá yín."

Sùlàímọ́nù wò ó. "Ìgbẹ́ àwọn ayálégbé mi lo fẹ́ rẹ láró?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Mo fẹ́ mọ̀ bóyá yóò dé inú kànga ni."

"Kò lè débẹ̀. Mo máa ń wo àwọ̀ omi mi. Mo máa ń tọ́ ọ wò, mo máa ń gbóòórùn rẹ̀. Bí Àáfà ṣe kọ́ wa nìyẹn. Bí kò bá sí èyí tó yí padà nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, omi mọ́."

"Ẹ jẹ́ kí n dà á, sà."

"Dà á. Bó o bá pàdánù, ìwọ ni yóò máa pọn omi àlùwàlá mi títí wàá fi kàwé tán."

"Mo gbà."

Ó dà á, ó lọ. Òjò ńlá rọ̀ lẹ́yìn ìyẹn.

Ọ̀sẹ̀ náà kò tíì parí nígbà tí Sùlàímọ́nù fẹ́ ṣe àlùwàlá Àsárì. Bàdírátù, ayálégbé rẹ̀, bá a fa omi, ó bù ú sínú abọ́ tánganran funfun. Omi náà ní àwọ̀ ewé. Sùlàímọ́nù dà á nù, ó ní kó fa òmíràn. Àwọ̀ ewé. Èmi náà fà. Bákan náà ni.

Adétóun dé nírọ̀lẹ́. Ó wo inú abọ́. Inú rẹ̀ kò dùn.

Sùlàímọ́nù ní, "Aró rẹ ti ba omi mi jẹ́."

"Aró yóò lọ, sà. Ọ̀nà tó gbà wọlé ti wà tipẹ́. Ohun tó wà nínú ṣáláńgá ń gba ibẹ̀ kọjá. Kò ní àwọ̀, ìdí nìyẹn tí ẹ kò fi rí i."

Mo ní, "Ilé wà láàárín."

"Ilé wà lórí ilẹ̀, sà. Abẹ́ ilẹ̀ lomi ń gbà."

Okùn ṣì wà lọ́wọ́ Bàdírátù. Lóṣù tó ṣáájú, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ṣu títí ó fi kú.

"Nọ́ọ̀sì ní kí n po iyọ̀ àti ṣúgà mọ́ omi fún un," ó ní. Ohùn rẹ̀ kò sókè. "Ó ní kí n má dáwọ́ dúró. N kò dáwọ́ dúró. Omi yìí ni mo fi pò ó."

Sùlàímọ́nù jókòó sórí ilẹ̀ tó tutù.

Moróunkẹ́ tó ń gbé ní òdìkejì títì dé pẹ̀lú garawa. "Bàbá, ẹ kúulẹ́ o. Mo wá pọnmi."

"Má pọn ọ́n."

"Ṣé ẹ ti di ahun ni? Àbí Ìyá yín ti ní kí ẹ gba sàráà àwọn padà?"

Sùlàímọ́nù yíjú sí mi.

"Lọ mú òòlù rẹ wá."

"Ṣé ká fọ́ kànga?"

"A ó dí i lọ́la. Orúkọ ìyá mi ni kó o kọ́kọ́ yọ kúrò."

Símẹ́ǹtì náà le. Èmi ni mo pò ó. Moróunkẹ́ dúró pẹ̀lú garawa òfìfo rẹ̀ títí mo fi gbẹ́ lẹ́tà tó kẹ́yìn kúrò.