Ọ̀wẹ̀ Àna Létí Adágún

Ẹ wò ó, inú bí mi, ẹ̀rín sì fẹ́ pa mí. Bólúwadúró, ọmọ Ìfàkì tó ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní yunifásítì, tó fẹ́ fẹ́ Fẹ́yìsayọ̀ ọmọ mi, ló gbọ́ pé ọkùnrin gidi máa ń ṣe ọ̀wẹ̀ fún bàbá ìyàwó. Ó kó àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ jọ, wọ́n gbé àdá, wọ́n gun ọ̀kadà wá sí Ìlúpéjú láàárọ̀ Sátidé láìsọ fún ẹnì kankan. Wọ́n rí koríko tó ga jù wọ́n lọ yí adágún ọkọ mi ká. Ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í sán an.

Yéè! Koríko tí Tíṣà Mákindé, ọkọ mi, kò jẹ́ kí èmi alára já ewé kan níbẹ̀! Àtìgbà tó ti fẹ̀yìn tì ló ti yọ̀ǹda ilẹ̀ bàbá rẹ̀ fún ẹyẹ. Ọdẹ kò gbọdọ̀ yìnbọn níbẹ̀, apẹja kò gbọdọ̀ ju àwọ̀n. Inú koríko yẹn ni pẹ́pẹ́yẹ igbó ń yé sí. Kò kúkú gba ti ọmọkùnrin yìí tẹ́lẹ̀, ó ní kò mọ nǹkan kan yàtọ̀ sí kọ̀ǹpútà. Mo mọ̀ pé ìgbéyàwó ti fọ́ nìyẹn. Fẹ́yìsayọ̀ ti ń sunkún.

Nígbà tí a gbọ́, tí a sáré débẹ̀, apá kan etí omi ti dán bí orí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fá. Àwọn ọ̀rẹ́ ti jókòó, wọ́n ń kùn. Bólúwadúró nìkan ló dúró nínú omi dé orúnkún, ó na ọwọ́ méjèèjì, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kọjá. Pẹ́pẹ́yẹ kan wà lẹ́yìn rẹ̀ tó sàba lórí ẹyin, kò sì sá.

Ọkọ mi bú u débi pé ojú ti èmi. Ọmọ náà dọ̀bálẹ̀ sínú ẹrẹ̀.

"Bàbá, ẹ lé mi tó bá wù yín. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ṣọ́ ọ títí yóò fi pa ẹyin rẹ̀. Èmi ni mo tú u síta fún àwòdì."

 Ọkọ mi kàn lọ gbé àpótí ìjókòó wá fún un.

Ojoojúmọ́ ni Bólúwadúró ń wá lẹ́yìn iṣẹ́, tó ń lé àwòdì, tó ń lé ewúrẹ́, oòrùn sọ ọ́ di dúdú. Ọkọ mi kì í bá a sọ̀rọ̀.

Lọ́jọ́ Àìkú kan, lẹ́yìn ìsìn, àwọn ọmọ pẹ́pẹ́yẹ tẹ̀lé ìyá wọn bọ́ sómi. Bólúwadúró fò sókè, ó fẹ́ pariwo. Ọkọ mi di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Rọra, àna mi. Má dẹ́rù bà wọ́n."

Àna! Mo gbọ́ ọ dáadáa. Mi ò dúró gbọ́ ìyókù, mo sáré lọ pe Fẹ́yìsayọ̀.